Ìyá Abadir Aláàwẹ̀

Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni ìyá ọkọ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, irọ́ ló pa. Èmi tí mo ń bá a gbé inú ilé kan náà, tí mo ń po ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ti jẹ èébú rẹ̀ yó, èmi ni kí ẹ bi. Wadida lorúkọ rẹ̀. Ìyá Abadir là ń pè é, nítorí pé Abadir ọkọ mi ni àkọ́bí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí nítòsí, Aláàwẹ̀ ni gbogbo abúlé ń pè é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ààwẹ̀ àwa Kristẹni abúlé wa kì í ṣe ààwẹ̀ ọmọdé. Ọjọ́ tí à ń gbààwẹ̀ nínú ọdún pọ̀ ju ọjọ́ tí à ń jẹ ẹran lọ. Kò sí ẹran, kò sí ẹyin, kò sí wàrà, kò sí samna, ìyẹn ọ̀rá wàrà tí ń mú kí ọbẹ̀ ta sánsán dé òpin àdúgbò. Ẹ̀wà ni, ẹ̀fọ́ ni, búrẹ́dì àti òróró ni, ó parí. Àwa tó kù ń rún un mọ́ra, a sì ń ka ọjọ́ àjíǹde. Ìyá Abadir ní tirẹ̀ ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ni. Omi pàápàá kì í kan ẹnu rẹ̀ láàárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí. Inú Ààwẹ̀ Ńlá tó ṣáájú àjíǹde ló bí Abadir sí. Wọ́n gbé omi ẹran adìyẹ wá fún un lórí ẹní ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tì í padà, ó yí ojú sí ògiri, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà wá. Ìtàn yẹn, mo ti gbọ́ ọ débi pé tó bá ti sọ pé “Ọjọ́ tí mo bí Abadir,” èmi ni mo máa ń bá a parí rẹ̀.

Kò kàn mí o. Ààwẹ̀ olúkúlùkù wà láàárín òun àti Ọlọ́run. Ohun tó ń bí mi nínú ni imú rẹ̀.

Imú yẹn! Tó bá ń ti Mar Boktor, ìjọ wa, bọ̀, ẹnu ọ̀nà oníkálùkù ló ti ń fa imú. “Ta ló ń dín nǹkan níbí? Òróró nìyí àbí ọ̀rá?” Àwọn obìnrin a máa ṣí ìkòkò hàn án kí ó má bàa lọ sọ ọ̀rọ̀ wọn níbi kan. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé tí a bá ń gbààwẹ̀ kí a fọ ojú, kí a fi òróró kun orí, kí èèyàn má mọ̀. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún, ó ń mi orí sí i, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ bóyá àwọn yòókù ń gbọ́.

Ilé méjì ló wà nínú ọgbà wa, tiwa àti ti Anjil. Ààrò kan náà ni a jọ ń lò, ògiri kan ló sì là wá láàárín. Ghattas, àbúrò ọkọ Ìyá Abadir, ló fẹ́ Anjil, nítorí náà Ìyá Abadir ni ìyálé, Anjil ni ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewú ti bo orí àwọn méjèèjì. Ghattas ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà lọ́hùn-ún létí Òkun Pupa, ọjọ́ ọdún nìkan la máa ń rí i. Anjil kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má rò pé jẹ́jẹ́ ló jẹ́ o. Olóríkunkun ni, ẹnu rẹ̀ ni kò kàn gùn. Tí ẹ bá bi í ní ohun tí kò fẹ́ dáhùn, ojú lásán ni yóò fi wò yín títí ẹ ó fi gbàgbé ohun tí ẹ bi í.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Anjil ń rù. Inú oòrùn ni ó ń da aṣọ òtútù bora. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àwa náà kò sì bi í.

Ààwẹ̀ Ńlá ti dé ìdajì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ìyá ọkọ mi ń ti ìjọ bọ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ọgbà ni, ó dúró gbọn-in. Ó fa imú. Kò kan ilẹ̀kùn, kò kí ẹnikẹ́ni, ó gba ilé ìdáná Anjil wọlé, ó sì ṣí ìkòkò tó wà lórí iná. Nígbà tó jáde, ó fi etí ìborùn rẹ̀ gbá ìkòkò náà mú, ó gbé e kọjá lára mi, ó gbé e jáde sí òpópó, ó sì gbé e ka orí pèpéle ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ wá o! Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń fi adìyẹ gbààwẹ̀ nílé tèmi!”

Ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í pe obìnrin àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì. Fahima aya Labib, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní ìkángun òpópó wa, ló kọ́kọ́ dé. Ó yọjú sínú ìkòkò.

“Yéè! Ṣé samna ló léfòó yìí?”

“Kí lo rò pé ó jẹ́? Omijé?”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Anjil jáde wá, ó fi ọwọ́ kan di òpó ilẹ̀kùn mú. “Ìyálé mi,” ló wí, “ẹ bá mi gbé ìkòkò mi wọlé.”

“Kí n gbé e wọlé? Ṣé ojú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tì ọ́ ni?”

“Ojú ò tì mí. Ohun tó wà láàárín èmi àti Abuna kì í ṣe ọbẹ̀ tí ẹ ó tọ́ wò.”

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí Abuna, ìyẹn àlùfáà tí o ń jẹ́wọ́ fún, bá tú ọ sílẹ̀ nínú ààwẹ̀, kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi ọ́ nídìí. Ọmọdé mọ èyí. Ìyá Abadir náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú àwọn obìnrin wà lára rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì lè dúró.

“Èmi bí ọmọ nínú ààwẹ̀ yìí,” ló wí, “kò sí Abuna tó tú tèmi!”

Anjil bọ́ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò rẹ̀, kò dà á sílẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí “ẹ kú àárọ̀” láàárín àwọn méjèèjì mọ́. Àwọn obìnrin tó máa ń fi búrẹ́dì gbígbóná ránṣẹ́ sí Anjil dáwọ́ dúró. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè kó o.

Abuna Bisada ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ mi. Àgbàlagbà ni Abuna, òun ló so ó pọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, nítorí náà òun nìkan ló ń pè é lórúkọ. Èmi ni mo sìn ín lọ, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Wadida, lọ bẹ Anjil.”

“Kí ni mo ṣe, Abuna? Ṣé irọ́ ni mo pa? Ṣé adìyẹ kọ́ ni?”

“Mi ò ní irọ́ lo pa.”

“Ẹ sọ ohun tó ń ṣe é fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún.”

“Kò sí lẹ́nu mi láti sọ.”

“Ó dáa. Kò sí ní orúnkún tèmi náà láti kúnlẹ̀.”

Abuna kò bínú. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Tó o bá rí i pé ìwọ àti Anjil ò tíì parí ìjà, má wá síwájú mi fún Ara Olúwa ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọbìnrin, kò sí Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ tí kò gba Ara Olúwa, ìyẹn búrẹ́dì mímọ́. Ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú, ọjọ́ tí wọ́n sin ín kò jìnnà sí Ọjọ́bọ̀ náà, síbẹ̀ ó lọ. Ilé Olúwa lọ́jọ́ yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé, ẹ má jẹ́ kí n fi ìbínú mi bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run. Ó kàn fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó ni.

Nígbà tó di Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, ó wọ aṣọ dúdú rẹ̀ tó dára jù. Gbogbo ìjọ ti pé sí àgbàlá, a mú imọ̀ ọ̀pẹ tí a hun lọ́wọ́, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ìyá Abadir la àárín èrò kọjá títí ó fi dé iwájú Anjil, ó wó lulẹ̀ gbalaja, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀.

“Anjil, dárí jì mí!”

Ohùn rẹ̀ dé òpópó. Àwọn obìnrin fi igbe ayọ̀ bọnu. Àwọn kan ń sunkún. Fahima ń pariwo pé, “Ẹ wo àgbàlagbà tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀! Ẹ wo ìyálé tó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó!” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi rí. Ìyá ọkọ mi gbé orí sókè díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí lára Anjil. Ó ń gbọ́ igbe ayọ̀ náà, ó ń dùn ún lẹ́nu bí oyin.

Anjil bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò pariwo. “Ẹ dìde, ìyálé mi. Ilẹ̀ tutù.”

“Ṣé o ti dárí jì mí?”

“Ẹ ò tíì bẹ̀ mí. Àwọn wọ̀nyí lẹ bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárí jì yín.”

Ó sì wọ inú ìjọ lọ. Ariwo tó sọ lẹ́yìn rẹ̀, mi ò lè ròyìn rẹ̀ tán. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti di òkúta. Wọ́n ní ẹran tó jẹ nínú ààwẹ̀ ló ń bá a jà. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà òkú sílẹ̀ fún gbogbo wa, bóyá ẹnì kan á kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, nítorí a kì í jó tùràrí fún òkú nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ìyá ọkọ mi dúró bí ẹni pé òun ti dé ọ̀run tán, àwa ni wọ́n ń ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n nílé, iná ràn.

“Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀ fún ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi mú wọlé ọkọ! Kí ló tún kù? Ó yá, kó jókòó síbẹ̀. Tó bá ti di Ọjọ́rú, Abuna fúnra rẹ̀ ò lè fipá mú mi mọ́.”

“Báwo, Màmá?”

“Ta ló ń fẹnu ko èèyàn lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí Ọjọ́rú bá ti dé? Ṣé Júdásì ni mí? Òfin ìjọ ni. N ó sọ fún Abuna pé mo fẹ́ bá a parí ìjà, mo fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n òfin ò gbà. Kó bi òfin.”

Òótọ́ ni. Ẹnu là ń fi ko ara wa lẹ́rẹ̀kẹ́ tí a bá parí ìjà, ṣùgbọ́n ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, nítorí ẹnu tí Júdásì fi ko Olúwa lẹ́rẹ̀kẹ́ tó sì tà á, a kì í fẹnu ko ara wa, a kì í bọ ara wa lọ́wọ́, láti Ọjọ́rú títí di àjíǹde. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò lè pa á mọ́ra. “Màmá, ṣé Ọlọ́run lẹ fẹ́ fi òfin mú?”

“Dákẹ́, kí o po ìyẹ̀fun rẹ.”

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo inú ìjọ. À ń lọ síbi àdúrà lójoojúmọ́. Anjil kò wá ní Ọjọ́ Ajé. Kò wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Èéfín kò jáde ní ilé ìdáná rẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, a ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, ikọ́ tó ń wá láti ìsàlẹ̀ àyà, tí kì í tán nígbà tí èèyàn bá rò pé ó ti tán. Ìyá Abadir ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tún ẹ̀wà tó ti ṣà ṣà.

“Kò sí ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́ láti àná,” ni mo wí.

“Àwọn obìnrin àdúgbò yìí, wọn ò láàánú.”

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé aya ọmọ kì í gbé ojú sókè wo ìyá ọkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kún mi lẹ́nu. “Màmá, ẹnu yín ló ti ilẹ̀kùn yẹn pa.”

Ó gbé ọwọ́ sókè. Mo dúró, mi ò yẹ orí. Ọwọ́ náà kò bọ̀ sí mi lára. Ó gbé e padà sórí itan rẹ̀.

“Afaf,” ló wí nígbà tó yá, “ó ní àwọn èèyàn ni mo bẹ̀.”

“Bó ṣe wí nìyẹn.”

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, Màmá. Mo rí ojú yín. Igbe ayọ̀ lẹ ń gbọ́.”

Mo rò pé yóò bú mi dé ìran baba mi. Ó dìde, ó gun orí òrùlé níbi tí adìyẹ wa ń gbé, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àgbébọ̀ rẹ̀ pupa, èyí tó sanra jù, tó ti ń fi pamọ́ de ọjọ́ ọdún. Ó mú ọ̀bẹ. Ẹnu ọ̀nà ìta gangan ló ti pa á.

“Màmá! Ọ̀sẹ̀ Mímọ́!”

“Mo mọ ọ̀sẹ̀ tí a wà.”

Atẹ́gùn gbé ìyẹ́ adìyẹ lọ sí òpópó. Kí ló tún kù? Fahima ti yọ jáde.

“Ìyá Abadir! Kí ló ń fò kiri yìí?”

“Ṣé o ò mọ ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ni?”

“Lónìí Ọjọ́rú? Fún ta ni?”

Mo ti la ẹnu láti sọ pé fún aláìsàn ni. Ìyá ọkọ mi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì dun mí. “Fún ikùn mi,” ló dá a lóhùn.

Ẹnu Fahima là sílẹ̀. Kò tilẹ̀ pa á dé nígbà tó fi ń sáré lọ. Mo ti ilẹ̀kùn. “Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé torí aláìsàn ni? Wọn ì bá yìn yín.”

“Torí rẹ̀ náà nìyẹn,” ló wí. “Àti pé, ṣé kí n tún gbé ìkòkò Anjil síta lẹ́ẹ̀kejì ni?”

Ó se é. Ó bu samna ọjọ́ àjíǹde sí i, kò ṣahun. Ó gbé e gba inú ọgbà, mo gbé búrẹ́dì tẹ̀ lé e. Anjil wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ ti wọnú.

“Kí lẹ tún wá wò?” ló wí.

“Mi ò wá wo nǹkan kan. Jẹun.”

“Kí ló ṣe yín?”

“Mi ò ní bi ọ́ ní ohun tó ń ṣe ọ́. Má bi mí ní ohun tó ṣe mí.” Ó gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì kúnlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nítorí pé orúnkún ń ro ó. Kò sí ẹni tó ń wò ó àyàfi èmi, mi ò sì rò pé ó rántí pé mo wà níbẹ̀. “Anjil, mo gbé ìtìjú bá ọ. Ńṣe ni mo wọlé rẹ bí olè. Mi ò mọ bí n ó ṣe tún un ṣe.”

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n Anjil jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi.

“Lónìí Ọjọ́rú ni,” ló wí níkẹyìn. “A ò lè fẹnu ko ara wa.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dúró kó di Ọjọ́rú ni, àbí?”

Ìyá ọkọ mi wo ilẹ̀. “Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró.”

Anjil bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, ó nu ẹnu. “Ó dáa. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò lè fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ bá mi jẹun.”

Ìyá ọkọ mi wo ìkòkò náà. “Anjil, ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ fẹ́ràn Ọlọ́run nínú ọgbà yìí.”

“Tí mo bá jẹ ẹ́, Abuna ò ní fún mi ní Ara Olúwa.”

“Tí ẹ ò bá jẹ ẹ́, èmi ni mò ń jẹ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin sì jókòó tì mí, ẹ ń wò mí. Ẹ gbé e padà.”

Mo fẹ́ pariwo. Mo fẹ́ sọ fún Anjil pé ó ti tó, pé ohun tó ń béèrè yìí ti pọ̀ jù, pé kí ó ṣáà gba obìnrin yìí dìde. Mo wo ọwọ́ ìyá ọkọ mi. Ọwọ́ kan náà ló fi ti omi ẹran padà lórí ẹní ìkúnlẹ̀. Ó ya búrẹ́dì, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ọ̀rá ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó gbé e mì. Anjil náà ya tirẹ̀. Àwọn méjèèjì jẹ ẹran náà láìsọ̀rọ̀, orí wọn ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ìkòkò, èmi sì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún fún gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́. Fahima kò sùn lórí ọ̀rọ̀. Ìyá Abadir lọ jẹ́wọ́ fún Abuna kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ní igun ìjọ tí Abuna máa ń jókòó sí. Ohùn ìyá ọkọ mi kò mọ bí a ṣe ń rọlẹ̀, kò mọ̀ ọ́n rí.

“Mo jẹ adìyẹ lánàá, Abuna. Pẹ̀lú samna.”

Kò sí ìdí tí èmi fi lè pa á mọ́, nítorí gbogbo apá obìnrin ló gbọ́ ọ. Abuna bi í ní nǹkan kan, a kò gbọ́ tirẹ̀. A gbọ́ èsì: “Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo wá sọ. Ti ẹlòmíràn ò sí lẹ́nu mi.” Abuna gbé àgbélébùú lé e lórí, ó sì ní kí ó lọ jókòó. Bóyá yóò fún un, bóyá kò ní fún un, kò sọ.

Ó wá jókòó. Àwọn obìnrin sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ó fi ku èmi nìkan lórí àga náà. Wọ́n ń sọ ọ́ sétí ara wọn: Aláàwẹ̀, Aláàwẹ̀ ló jẹ adìyẹ. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀. “Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Gbólóhùn kan péré.”

“Tó o bá sọ ọ́, má pè mí ní màmá mọ́.”

“Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wò yín!”

“Jẹ́ kí wọ́n wò. Mo ti wò wọ́n tó.”

Nígbà tí àkókò tó, a bọ́ bàtà, a tò lọ síwájú. Ó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ Abuna ni Fahima ké láti ẹ̀yìn: “Abuna, ẹni tó jẹ adìyẹ lánàá nìyẹn o!”

Ọwọ́ Abuna dúró lókè àwo. Kò lè sọ ohun tí wọ́n jẹ́wọ́ fún un. Ó wo ìyá ọkọ mi. “Wadida, ṣé ìwọ àti Anjil ti parí ìjà?”

“Ẹ bi í. Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹnu mi kì í ṣe ẹ̀rí.”

Gbogbo wa yí ẹ̀yìn padà. Anjil wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rọ̀ mọ́ ògiri, aṣọ òtútù rẹ̀ wà lọ́rùn. Mi ò mọ bó ṣe rìn dé ibẹ̀. Obìnrin tí kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín ní gbogbo Ààwẹ̀ Ńlá dípò kí ó la ẹnu, ló la ẹnu.

“A ti parí rẹ̀, Abuna. Tèmi ni adìyẹ náà. Torí mi ló ṣe pa á, èmi ni mo sì ní kó bá mi jẹ ẹ́. Àìsàn ń ṣe mí. Kí gbogbo yín gbọ́.”

“Irọ́!” Ìyá ọkọ mi ti yíjú padà pátápátá. “Tèmi ni! Orí òrùlé mi ló ti sọ̀ kalẹ̀!”

“Ìyálé mi, ẹ dákẹ́, torí mi ni.”

“Torí ebi ń pa mí ni! Ta ló ní kó o bá mi dá sí i?”

Bẹ́ẹ̀ ni arúgbó méjì ṣe ń jà sí ìtìjú nínú ilé Olúwa, bí ẹni tó ń jà sí ogún. Irùngbọ̀n Abuna ń mì. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

“Wadida,” ló wí, “pa ẹnu rẹ mọ́.”

Ó pa á mọ́.

“Ó yá, là á.”

Ó sì fi Ara Olúwa sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gba ọ̀nà fún Anjil, ó rìn wá, ó gba tirẹ̀.

A jáde. Ìyá Abadir di Anjil mú lápá, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn obìnrin ti pagbo yí wọn ká, Fahima ló sì ṣíwájú, ojú rẹ̀ kún fún omijé. Ó fẹ́ fẹnu ko ìyá ọkọ mi lọ́wọ́, ó rántí ọ̀sẹ̀ tí a wà, ó fà sẹ́yìn.

“Ìyá Abadir, ẹni mímọ́ ni yín! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹ ò jẹ ẹran kankan, ẹ kàn gba ẹ̀bi rẹ̀ rù ni. Ẹ sọ fún wa, ẹ ò jẹ ẹ́, àbí?”

Ìyá ọkọ mi dúró. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dún létí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ṣì ń dùn ún gbọ́. Ìṣẹ́jú kan ni. Ká ní ó kàn dákẹ́ ni, wọn ì bá gbé e lé orí padà níbẹ̀ níbẹ̀.

“Ta ló ní mi ò jẹ ẹ́?” ló wí, ó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. “Mo jẹ ẹ́. Itan ni mo jẹ. Ó dùn, mo sì lá ìka mi.”